Ẹ̀rọ Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Ku Ti Gbẹ́nugbẹ́nu

Àwọn àgbà a máa sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ìtumọ̀ òwe náà kò farasin: ẹni tí ń gbẹ́ igi ti parí iṣẹ́, ó wá ku àwọn tí yóò fi ẹnu gbẹ́ ohun tí ó gbẹ́, yálà kí wọ́n yìn ín tàbí kí wọ́n bù ú. Lónìí, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí pọ̀, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi tí ó fi hàn mí pé ẹnu wa ti kújú ju ọ̀bẹ wa lọ.

Ìlọ́fà, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni ilé bàbá mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ń jẹun. Igi gbígbẹ́ jẹ́ ohun tí mo fi ń najú ní ọjọ́ Sátidé lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan tí mo kàn sí ẹ̀yìn ilé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ra ẹ̀rọ kékeré kan, tòkunbọ̀, tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀, nítorí pé ìjúwe rẹ̀ gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ.

Òpó irin kan ni ó dúró ṣánṣán lórí pẹpẹ irin. Apá kan wà lára òpó yìí tí a lè gbé sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ìparí apá náà ni òrùka kan wà tí ó gbá ọrùn mọ́tò iná mú. Ọrùn yìí fẹ̀ ní 43 mm, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù ń lò, tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò ilé-iṣẹ́ kan fi lè wọ òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bíìtì, èyí tí í ṣe ọ̀bẹ rẹ̀, ń yí ní ẹnu mọ́tò náà ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni tábìlì kékeré kan wà tí a máa ń de igi mọ́. Tábìlì yìí ní kẹ̀kẹ́ ọwọ́ méjì: ọ̀kan ń gbé e lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, ìkejì ń gbé e lọ síwájú àti sẹ́yìn. Bí mo bá yí kẹ̀kẹ́ náà po lẹ́ẹ̀kan, tábìlì á rìn ní 1 mm péré. Ogún àmì ni ó wà lára kẹ̀kẹ́, nítorí náà àmì kan jẹ́ 0.05 mm, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìnípọn irun orí lọ.

Kí ni a ń pe irú ẹ̀rọ báyìí? Àwọn káfíńtà wa ń pe èyí tí a ń fi ọwọ́ tì lórí pákó ní ràútà, orúkọ náà sì ti di tiwa. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dúró lórí òpó, tí igi ń lọ bá a dípò kí ó lọ bá igi, n kò tíì gbọ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni fún un. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn òyìnbó tí ń ṣe tiwọn nínú yàrá ọkọ̀ wọn. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní kí n pe márùn-ún nínú wọn ní Yorùbá nígbà náà, èmi tí mo ń kọ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, ojú ì bá tì mí.

Ẹ̀rọ náà ní ìwà tirẹ̀. Òpó rẹ̀ kò nípọn, nítorí náà bí a bá ní kí bíìtì jẹ igi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, apá yẹn á máa gbọ̀n, ojú igi á sì rí wúruwùru. Lórí igi líle, 1 mm ní ẹ̀ẹ̀kan tó o. Bákan náà ni mo rí àwọn kan tí ń fi ẹnu dírìlì lásán mú bíìtì, tí wọ́n sì ń fi ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ẹnu dírìlì wà fún títẹ irin sísàlẹ̀; bí a bá fi agbára tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè tú, kí bíìtì náà sì fò jáde. Ẹnu tí ó há, tí ó fún bíìtì mọ́ra yíká, ni ó yẹ iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rọ mi ṣe ni ọpọ́n ayò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí ni ó tún rọrùn fún ẹ̀rọ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ihò méjìlá, mẹ́fà ní apá kan, mẹ́fà ní apá kejì, kí ihò kọ̀ọ̀kan gba ọmọ ayò mẹ́rin kí ó sì ní àyè sí i, nítorí pé ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló wà lórí ọpọ́n, wọ́n sì lè pọ̀ jọ sójú kan. Mo ní kí n ṣe èyí tí a lè pa dé bí ìwé, tí apá kọ̀ọ̀kan á ní ihò mẹ́fà. Mo wá ìrókò gbígbẹ kan, mo gé e, mo de é mọ́ tábìlì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ igi fúnra rẹ̀. Nínú ìrókò, òkúta máa ń wà nígbà mìíràn, ohun líle bí ẹfun tí igi náà fúnra rẹ̀ kó jọ sínú ara, tí ojú kò lè rí láti òde. Bíìtì mi pàdé ọ̀kan nínú ihò kejì, ó kán pàù. Àbúrò mi tí ó wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, rẹ́rìn-ín pé bàbá inú ìrókò ló bínú. Eruku ìrókò náà kò dára fún imú àti ojú, ó máa ń yún ni lára. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bo imú. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ kò rí eruku bẹ́ẹ̀. Igi tútù ni wọ́n ń gbẹ́, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, tí àáké ń wọ̀ bí ẹni gé iṣu. Ẹ̀rọ kò fẹ́ igi tútù; ó máa ń di eyín bíìtì, ojú igi a sì máa hu irun. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó ṣe ohunkóhun, ó ti kọ́kọ́ pààrọ̀ irú igi tí a ń lò. Kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ó bí àròkọ yìí. Mo ń kọ́ àbúrò mi bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ó ti la kòtò tóóró kan gba àárín pákó, ó wá fẹ́ kí ó fẹ̀ sí i díẹ̀. Ó sún tábìlì, ó sì ń dá a padà bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dá a padà jẹ́ ọ̀nà tí eyín bíìtì fúnra rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá ti lo ẹ̀rọ yìí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: dípò kí bíìtì gé igi, yóò gbá igi mú, yóò sì fà á lọ. Mo rí i kí ó tó ṣẹlẹ̀. Mo sì pariwo. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ori fóònù ń pe àṣìṣe náà, orúkọ kan tí ọ̀rọ̀ "gígòkè" wà nínú rẹ̀ ní èdè wọn. Ọmọ náà gbọ́ "gòkè". Ó rò pé mo ní kí òun gbé apá ẹ̀rọ sókè ni. Ó na ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ dé rárá.

Pákó náà já kúrò nínú ìdè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó sì lọ gbá ògiri. Ọlọ́run ṣe é, kò fara pa. Mo pa iná. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a kò sọ̀rọ̀.

"Bùrọ̀dá," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "kí ni ẹ sọ yẹn?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, mo ríi pé Gẹ̀ẹ́sì náà kò yé èmi alára dáadáa. Mo kàn há a sórí ni. Mo wá mú igi kékeré kan, mo fi ọwọ́ yí i lórí pákó. Mo ní, "Wò ó. Eyín ọ̀bẹ ń bọ̀ láti ìhín. Kí igi lọ pàdé rẹ̀ ni. Kí igi má tẹ̀lé e."

"Pàdé ọ̀bẹ, má tẹ̀lé ọ̀bẹ," ni ó tún un sọ. "Ó ti yé mi."

Ọ̀rọ̀ náà yé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì tún ṣe àṣìṣe náà mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ni ó wá kù tí mo ń bi ara mi léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí igi fò kọjá etí ọmọ ni mo tó rántí pé mo ní ẹnu ìyá mi.

Nígbà tí ọpọ́n náà parí, mo gbé e lọ fún bàbá kan nínú ẹbí wa tí ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀sì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó máa ń bá àwọn agbẹ́gilére gbé igi láti oko. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀ta ayò ni, kì í ṣe òpè. Ó ṣí ọpọ́n, ó wo inú rẹ̀. Ó tún un wò.

"Ṣé ọpọ́n ayò nìyí ni, tàbí àpótí ẹyin?"

Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ihò mi ní igun mẹ́rin, ìdí wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rántí pé tábìlì mi kò mọ̀ ju ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn lọ. Mo ti rò pé ó rẹwà bẹ́ẹ̀, pé ó ní ìṣe ìgbàlódé. Bàbá da ọmọ ayò sínú ihò kan, ó ní kí n kó wọn. Nígbà tí mo fi ìka gbá a, méjì há sí igun. Ẹni tí ó bá ń ta ayò ní tòótọ́ kì í wo ihò. Ìka rẹ̀ ni ó máa ń yí gba ìdí ihò lọ bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Ihò tí kò bá rí bí igbá, ẹ̀sín ni fún ẹni tí ń ta á.

Ó wá bi mí pé, "Ó lé e, àbí? Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, kò yé mi."

"O lé e. O kò tún un lé. O kò dán an. O kò fín in. Iṣẹ́ kan nínú mẹ́rin ni o ṣe, o sì gbé e wá."

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, mo ti kà wọ́n rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀rọ̀ lílò ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti wá, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ní ìlú wọ̀nyí gan-an kò mọ̀ pé orúkọ ìlú wọn ń dún ní òkè òkun.

Ní Ọ̀sì ni Àreògún gbé, agbẹ́gilére tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1880, tí ó sì papòdà ní 1954. Ilẹ̀kùn onígi, ère Ẹpa àti àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé. Ní Odò-Ọwà, tí ó wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ wa níhìn-ín, ni Bámigbóyè gbé, ẹni tí ó tún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀mù-Àrán ní àwọn ọdún 1930. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ọdún 2022 wọ 2023. Ọmọ Àreògún, tí a mọ̀ sí Báńdélé, náà di agbẹ́gilére. Nígbà tí Fádà Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Báńdélé wà lára àwọn tí ó gbẹ́ igi níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà parí ní 1954. Fákẹ́yẹ lọ di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó dúró níbẹ̀ láti 1987, ó sì kú ní òpin ọdún 2009. Fádà Carroll kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1967. Inú ìwé náà ni mo ti kọ́kọ́ ka bí àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ṣe pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fínfín.

Ní lílé, agbẹ́gilére á fi àáké gé ìtì igi náà títí ibi tí orí wà, ibi tí àyà wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà yóò fi hàn gbàgà-gbàgà, láìsí ojú, láìsí ìka. Ní àlétúnlé, á pín àwọn ibi ńláńlá yẹn sí kéékèèké: orí á di ojú, etí àti irun. Dídán ni kí ọ̀bẹ àti ṣísẹ́ẹ̀lì mú gbogbo ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fínfín ni ilà ojú, irun dídì, àṣọ onílà, gbogbo ohun wínníwínní tí ó máa ń mú ni dúró wò.

Ẹ wá wò ó. Àwọn tí ń lo ẹ̀rọ ńlá tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí wọ́n ń gé irin àti igi ní ilé-iṣẹ́ ńlá, bákan náà ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bíìtì ńlá gé ohun tí kò wúlò kúrò kíákíá. Wọ́n á fi èyí tí ó kéré sún mọ́ ìrísí tòótọ́. Wọ́n á wá fi èyí tí ó kéré jù gba ojú rẹ̀ kí ó jọ̀lọ̀. Bí ó bá ní àwòrán tàbí lẹ́tà, ìyẹn ló máa gbẹ̀yìn. Orúkọ mẹ́rin ni àwọn náà ní. Mo to orúkọ wọn síbi kan, mo to ti Ọ̀sì síbi kejì, wọ́n bára mu. Ẹni tí ń fi àáké gbẹ́ igi tútù lábẹ́ igi òdán àti ẹni tí ń tẹ kọ̀ǹpútà nínú ilé amúlétutù ti pàdé lórí ọgbọ́n kan náà. Ṣùgbọ́n ti wa ni a gbàgbé.

Èrò mi nìyí, n kò sì ní fi bò: kí a tó jókòó láti hun ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀rọ, kí a lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ̀rọ tó dé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ èdè-ìperí. Láìsí wọn, a kì bá tí lè fi Yorùbá kọ́ gírámà Yorùbá pàápàá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní agbègbè Ifẹ̀, láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a hun nínú yàrá máa ń gùn, ó máa ń dà bí ìtumọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè ju orúkọ lọ. Ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́wàá kìlọ̀ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìtì? Lílé, sílébù méjì. Dídán, méjì. Pàdé, méjì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní láti kúrú, nítorí pé ibi tí a ti ń pariwo ni a ti ń lò ó.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí Gẹ̀ẹ́sì wà. Ó wà, mo sì ń lò ó. Ọmọ tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á kà nípa ẹ̀rọ rẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n àbúrò mi yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó na ọwọ́ síbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ tí a há sórí kò yára tó ọ̀rọ̀ tí a bí mọ́ ni.

Àwọn mìíràn wà tí wọn á bínú láti ìhà kejì pé kí ni mo ń fi ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe nídìí iṣẹ́ àwọn baba wa. Wọn ò bá mi ní ìjà. Irin ni àáké, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, Ògún ló ni ín. Àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹ́káníìkì wa ti ń ṣe ọdún Ògún tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé mọ́tò kì í ṣe irin. Ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ wọ ilé. Ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí nínú ilé ni ìbéèrè, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti Ọ̀sì sì lè dáhùn rẹ̀.

Ẹ wo ère Ẹpa. Ìtì igi kan ṣoṣo ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, ni ó máa ń wọ orí ẹni tí ń jó; lórí ìkòkò náà ni jagunjagun orí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ jókòó sí, pẹ̀lú àwọn ènìyàn kéékèèké yí i ká. Ó lè ga ju 1 m lọ, ó sì máa ń wúwo gan-an, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò gbé e rù, tí yóò sì fò gun orí òkìtì pẹ̀lú rẹ̀. Bí agbẹ́gilére bá ṣi lílé ṣe, tí ó jẹ́ kí igi pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, kò sí fínfín tí ó lè gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́ ìṣubú. Orí ère Yorùbá náà máa ń tóbi ju ti ènìyàn lọ, ó máa ń tó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta gbogbo gíga rẹ̀, ibi lílé ni a sì ti ń pinnu rẹ̀. Nítorí náà nínú ère, ibi lílé ni ọpọlọ wà. Tábìlì mi tí kò mọ̀ ju ọ̀nà mẹ́rin lọ kò ní ohun tí yóò ṣe níbẹ̀.

Nínú ọpọ́n ayò, ọ̀ràn náà yí padà. Lílé rẹ̀ kò ju kí a kó igi kúrò nínú ihò lọ. Iṣẹ́ agbára ni, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e. Àlétúnlé ni ó di iṣẹ́ ìka, nítorí pé ìka ni yóò lò ó. Nínú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ lè la kòtò tí pákó máa wọ̀ kí ó gún régé ju bí ọwọ́ mi ṣe lè ṣe é lọ láéláé. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ á máa bèèrè pé "ṣé ẹ̀rọ lè ṣe é?" Ẹni tí ó ní orúkọ á bèèrè pé "èwo nínú mẹ́rin?" Ìbéèrè kejì ni ó ń dá igi àti ìka sí.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi ṣe é. Lábẹ́ àtíbàbà wa, ẹ̀rọ náà ń jẹ́ ràútà olópòó. Bíìtì ṣì ń jẹ́ bíìtì. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ọjà mọ̀. Gígé àkọ́kọ́ ni lílé, a sì ń sọ pé "lé e ní 1 mm". Igi ń pàdé tàbí ó ń tẹ̀lé. Àyè díẹ̀ tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ọwọ́, tí ó máa ń jẹ́ kí a yí i díẹ̀ kí tábìlì tó rìn, àbúrò mi ni ó sọ ọ́ ní "iyèméjì kẹ̀kẹ́". Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tí ó dára jù ú.

Ọpọ́n kejì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lo igi apá lọ́tẹ̀ yìí. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ lé ihò kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn, tí ó gbòòrò lókè, tí ó sì ń há bí ó ṣe ń jìn. Mo wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì oníkoto tún un lé títí àtẹ̀gùn náà fi pòórá, tí ihò sì yí bí igbá. Mo fi sáńpépà dán an. Àbúrò mi fi ọ̀bẹ fín etí ọpọ́n náà, ó sì gé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà ní igun tí a kò lè fọ̀ kúrò tán.

A gbé e lọ sí Ọ̀sì. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n jókòó, ó pín ọmọ ayò, ó sì pa mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìdúró mí. Lẹ́yìn náà ni ó pa ọpọ́n dé, ó sì fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká.

"Ta ló fín in?"

Mo ní, "Bàbá, ọmọ yìí ni."

Ó wo ọmọ náà. Ó tún fi àtàǹpàkò tọ ibì kan.

"Ibí yìí ṣì ku dídán," ni ó wí, ó sì gbé ọpọ́n náà wọlé.